Bọ́ńpà Tó Sán: Bí A Ṣe Ń Tún Ike Ara Ọkọ̀ Ṣe, Tí A Sì Ń Kùn Ún Nílé

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀. Nítorí ẹni tí bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ bá ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó fi okùn so ó mọ́ fẹ́ńdà, ìbáà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko tí kì í sì í fi epo ṣòfò, ojú ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún ni àwọn tí ó bá pàdé yóò fi wò ó, bí wọ́n tilẹ̀ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sì sí ibi tí nǹkan yìí kò ti lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn: ó lè jẹ́ ní Ọláìyá ní Òṣogbo, níbi tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti ń fún ara wọn mọ́ ojú títì ní ìrọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ ní Iléṣà, ìlú olókè, níbi tí ẹnu ọ̀nà ilé mìíràn ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí imú ọkọ̀ fi ń gbá ilẹ̀ bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ó sì lè jẹ́ nínú àgbàlá ẹni gan-an, níbi tí ọmọ tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ti fi ìdí ọkọ̀ rọ́ lu odi. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e kò ju ọ̀kan lọ: ṣé kí á ra òmíràn ni, tàbí kí á tún èyí ṣe?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè náà kò le láti dáhùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975, irin ni bọ́ńpà ọkọ̀ ìjàpá àti ti 504 tí wọ́n ń gbé jáde, irin tí ń dán, tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀. Bí ó bá sì tẹ̀, abẹ́ àṣẹ Ògún Lákáayé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ẹni tí ó ni òòlù tí ó sì ni ọmọ-owú: pánẹ́ẹ̀lì bítà yóò tú u, yóò gbé e lé orí irin, yóò sì máa lù ú títí yóò fi gbàgbé pé òun ti tẹ̀ rí. Ìlú Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdílé alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ni Àṣírù Ọlátúndé ti jáde, ẹni tí ó fi òòlù lu bàbà àti páànù alumíníọ́ọ̀mù títí ìtàn inú Bíbélì àti ìṣe àwọn ará ìlú fi yọ lójú wọn, tí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó lójú ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ike kò gbọ́ èdè òòlù.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ irin ní imú àti ní ìdí ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé fi bọ́ńpà ike sí ara Renault 5 ní ọdún 1972, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tọ ọ̀nà náà. Lónìí, ì báà jẹ́ Corolla, ì báà jẹ́ Camry, ì báà jẹ́ Accord tí a gbé wọlé ní tókunbọ̀, ike ni ohun tí ojú ń rí níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ike tí àwọn onímọ̀ ń pè ní polypropylene, tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí PP, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Giulio Natta ti ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì rí ọ̀nà àtiṣe rẹ̀ ní ọdún 1954, kí òun àti Karl Ziegler ti ilẹ̀ Jámánì tó jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1963 nítorí iṣẹ́ irú èyí. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ a máa po rọ́bà pọ̀ mọ́ ọn kí ó lè fara da ìkọlù. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, bí nǹkan bá sì tì í díẹ̀, yóò tẹ̀, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Àfi bí ìkọlù náà bá ju agbára rẹ̀ lọ ni yóò sán.

Níbẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Bọ́ńpà ike kì í dúró sójú kan: oòrùn ọ̀sán a máa mú un gbòòrò, òtútù òru a máa mú un sún kì, kòtò ojú ọ̀nà sì ń mì í ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn tí kò lè tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ì báà jẹ́ gọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ pọ́tì, ì báà jẹ́ ọ̀dà, yóò ya kúrò lára rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ bọ́ńpà tí a kùn, tí ó ń dán gbinrin ní ọjọ́ tí a gbà á lọ́wọ́ pẹ́ńtà, fi ń ṣí bí èèpo kí òjò ọdún kejì tó dá. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ọ̀dà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe kí ọ̀dà tó dé ni ó ń gbé ọ̀dà ró.

Mọ irú ike tí ó jẹ́

Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nílé kọ́kọ́ tú bọ́ńpà náà kúrò. Bóòtù díẹ̀ wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ wà nínú ihò táyà lọ́tùn-ún àti lósì, díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn kílíìpù ike tí ó di etí rẹ̀ mú. Kí á yọ wáyà iná tí ó bá wà lára rẹ̀ kí á tó fà á, kí á má sì fi ipá fà á, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Kí á wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, kí ẹrẹ̀ àti òróró ojú ọ̀nà kúrò lára rẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, kí á dojú inú rẹ̀ sókè, kí á sì wá àmì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i lára. Bí a bá rí PP, tàbí PP+EPDM, tàbí TPO, ìdílé polypropylene ni. Bí a bá rí ABS, ìdílé mìíràn ni, èyí tí ó le ju ti ìṣáájú lọ, tí a sì sábà máa ń rí lára gíríìlì àti ìbòrí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí àmì náà bá ti parẹ́, kí á fi ọ̀bẹ há ike díẹ̀ láti ibi tí ó fara sin, kí á sì sọ ọ́ sínú omi: polypropylene tí a kò po nǹkan mọ́ fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó, ABS yóò rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá rì, kí á má tètè pè é ní ABS, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a máa po lẹ́búlẹ́bú òkúta tálíìkì mọ́ polypropylene kí ó lè dúró gírí, lẹ́búlẹ́bú náà a sì máa sọ ọ́ di wíwúwo. Lára irú èyí ni a ti ń rí àmì TD20, èyí tí ó fi hàn pé ìdá márùn-ún kan nínú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tálíìkì.

Kí ni ànfààní ìwádìí yìí? Ànfààní rẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù kékeré tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, tí ó ń di ABS mú ṣinṣin, kò lè di polypropylene mú fún ọjọ́ pípẹ́, àti pé ike ìdílé kan kì í yọ́ pọ̀ mọ́ ti ìdílé kejì. Kò sí bí a ó ti se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Àbínibí polypropylene ni pé ojú rẹ̀ kì í gba nǹkan mọ́ra, ẹni tí kò bá sì mọ ìwà rẹ̀ yóò kàn máa pààrọ̀ gọ́ọ̀mù lásán ni.

Bí a ṣe ń so ibi tí ó sán pọ̀

Ọ̀nà tí a mọ̀ jù lẹ́bàá ọ̀nà ni pé kí á lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó sán, kí á sì fi wáyà rán an. Ó yá, kò sì wọ́n, ó sì lè gbé ènìyàn délé láti Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí ike tún ti lè ya, wáyà tí kì í bá ṣe èyí tí kì í dípẹtà yóò sì jẹrà nínú òjò.

Ọ̀nà tí ó ń tọ́jọ́ jù ni kí á yọ́ ike pọ̀ mọ́ ike. Àwọn ará wa máa ń sọ pé Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé ni ọmọ Ọwá ti ń mú iná roko. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé iná tí a nílò kò tóbi: irin gbígbóná tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń jó òjé tó fún un. Kí á kọ́kọ́ lu ihò kékeré kan, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta, sí ìdí ibi tí ojú sísán náà parí sí, nítorí pé ẹnu tóóró tí ó mú ṣóńṣó ni agbára ìmìtìtì ń kó jọ sí. Bí a bá ti sọ ṣóńṣó náà di róbótó, sísán náà kò ní lè rìn síwájú mọ́. Kí á wá gbẹ́ ojú rẹ̀ láti inú, kí ẹnu kòtò náà fẹ̀ kí ìdí rẹ̀ sì há, kí ó jìn tó ìlàjì nínípọn ike náà, kí ike tuntun lè rí ibi wọlé sí.

Ike tí a ó fi dí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀pá ike tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí lè gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara bọ́ńpà òkú tí ó ní àmì kan náà, irú èyí tí kì í wọ́n ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Kí á fi àlẹ̀mọ́ di ojú méjèèjì mú kí wọ́n bára dọ́gba, kí á wá máa fi irin gbígbóná yọ́ ọ̀já náà pọ̀ mọ́ ògiri kòtò náà ní ẹ̀sọ̀, ní díẹ̀díẹ̀. Polypropylene ń yọ́ ní nǹkan bí 160 ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, tí ó sì ń dúdú, ooru ti pọ̀ jù, ike tí ó bá sì ti jóná kò ní agbára mọ́. Bí ojú sísán náà bá gùn, kí á tẹ nẹ́ẹ̀tì irin wẹ́wẹ́ tí kì í dípẹtà rì sínú ike tí ó yọ́ láti inú, kí á sì fi ike bò ó. Nígbà tí inú bá ti tutù tán ni kí á tó dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí á sì gbẹ́ ojú ìta, kí á dí òun náà bákan náà. Ìta gbangba ni kí á ti ṣe gbogbo èyí, nítorí pé èéfín ike kò yẹ kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, pàápàá ti ọmọdé.

Ìmúra kí ọ̀dà tó dé

Òṣogbo ìlú aró ni. Ìtàn tí a bá níbẹ̀ nípa ìtẹ̀dó rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn, tí wọ́n ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, gé igi kan lulẹ̀, igi náà sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, olómi tútù. Kò sí aláró kan níbẹ̀ tí yóò ki aṣọ titun tí ó ṣì ní ẹ̀kọ ilé iṣẹ́ lára bọ inú ìkòkò láìfọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé aró kò ní wọ̀ ọ́ dọ́gba. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti ike ti rí náà nìyẹn, àyàfi pé ti ike le jù, nítorí pé ike kì í mu ọ̀dà sínú. Ojú rẹ̀ nìkan ni ọ̀dà ń rọ̀ mọ́.

Kí á fi sáńpépà nọ́ńbà 80 rẹ ibi tí a dí náà sílẹ̀, kí á tẹ̀ ẹ́ lé pẹ̀lú 180, kí á wá fi 320 yí i ká títí àtẹ́lẹwọ́ kò fi ní mọ ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ a máa rí ohun tí ojú kò rí. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá kù, pọ́tì tí wọ́n ṣe fún bọ́ńpà ike, tí ó ń tẹ̀, ni kí á fi dí i, kí ó sì fẹ́lẹ́. Pọ́tì líle tí a fi ń dí ojú páànù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà lé bọ́ńpà lọ́nà nínípọn, kò lè tẹ̀. Ìkọlù kékeré kan ni yóò fi ṣubú ní odindi.

Kí á tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí á jẹ́ kí ó gbẹ, kí á wá fi sípírítì nù ún pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí á má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Àwọn mìíràn máa ń fi epo pẹtiróòlù nù ún: ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú ike, ó sì lè gba iná lójijì, kí á jìnnà sí i. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí wọ́n sábà máa ń fò dá. Níbikíbi tí ike bá ti hàn ní ìhòòhò, tí ó sì jẹ́ ìdílé polypropylene, kí á kọ́kọ́ fín oògùn ìdìmọ́ sí i, èyí tí wọ́n kọ “adhesion promoter” sí lára agolo rẹ̀, kí ó fẹ́lẹ́, kí á sì tẹ̀ lé àkókò tí a kọ sára agolo kí práímà tó gun orí rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì dì mú ṣinṣin kò nílò rẹ̀. Fífi sáńpépà ra á tó. Nígbà tí práímà bá gbẹ, kí á fi omi àti sáńpépà nọ́ńbà 600 tẹ́ ẹ jọ̀lọ̀.

Kíkùn ún

Àwọ̀ ọkọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lára Toyota, ẹ wo pátákó kékeré tí ó wà ní òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ C/TR: 040 ni funfun tí a rí jù, 202 ni dúdú, 1F7 sì ni fàdákà kan tí ó pọ̀ lójú títì wa. Nọ́ńbà yìí ni kí á mú lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń po ọ̀dà, ṣùgbọ́n kí á mú ìdérí epo ọkọ̀ náà dání pẹ̀lú, nítorí pé oòrùn ti lè mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tókunbọ̀ mìíràn sì ti gba àwọ̀ titun kí ó tó dé èbúté. Funfun àti dúdú kò ni oníṣẹ́ lára. Fàdákà ni ó ṣòro, nítorí pé èérún alumíníọ́ọ̀mù ni ó wà nínú rẹ̀, bí èérún wọ̀nyí bá sì ti sùn lójú iṣẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń hàn. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn jù tí ó sì fín in nípọn yóò rí i pé ó dúdú ju fẹ́ńdà lọ. Nítorí náà kí á kọ́kọ́ fín in sára páálí, kí á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn kí á tó fọwọ́ kan bọ́ńpà.

Ìgbà ara ni à ń bú ra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, tínà tí ń gbẹ kíákíá a máa mú ojú iṣẹ́ tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ a wá funfun bòró. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bà lé e, ọ̀dà a sì máa gbẹ lójú ọ̀nà kí ó tó balẹ̀, yóò wá rí gbákúgbàku. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ, tí afẹ́fẹ́ kò sì tíì le, ni ó dára jù, lábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà kọjá, lẹ́yìn tí a ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lè jókòó. Kí agolo jìnnà sí iṣẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Kí ọwọ́ máa lọ gbọọrọ láti ìta etí kan dé ìta etí kejì, kí ìfín kọ̀ọ̀kan sì bo ìdajì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a fún ní àyè láti gbẹ sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí pé èyí tí ó nípọn yóò ṣàn. Lẹ́yìn àwọ̀ ni ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ń dáàbò bò ó, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà, ìfín méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kílíà tí a ń po hádínà mọ́ ni ó le jù, tí epo pẹtiróòlù kì í sì í bà jẹ́. Ṣùgbọ́n hádínà rẹ̀ ní èròjà tí wọ́n ń pè ní isocyanate, tí ó lè sọ ènìyàn di alárùn ikọ́ fée títí ayé. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ẹni tí kò bá ní ìbòmú tí wọ́n ṣe fún fífín ọ̀dà tí ó ní isocyanate, kí ó fi irú kílíà yìí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ tí ó ní in, kí ó sì lo ti inú agolo tí kò ní hádínà. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, kí iná má sí nítòsí, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí á ti jáwọ́

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó fọ́ ni a ń tún ṣe. Bí àwọn etí tí bóòtù ń gbà kọjá bá ti gé dànù lọ́pọ̀, bọ́ńpà náà kò ní dúró déédéé mọ́ bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Kí á tún wo irin àti fóòmù tí ó wà lẹ́yìn ike náà, nítorí pé àwọn gan-an ni ń gba ìkọlù dípò ènìyàn. Bí irin náà bá ti wọ́, ọ̀dà kò ní ohun tí ó fẹ́ bá a ṣe. Ọkọ̀ titun tí ó ní ẹ̀rọ aríran lẹ́yìn bọ́ńpà kò fẹ́ pọ́tì àti ọ̀dà nínípọn níwájú ẹ̀rọ náà. Bákan náà, ike dáṣíbọ́ọ̀dù tí báàgì afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń lẹ̀ tàbí kùn nílé: wọ́n ṣe é kí ó lè ya ní ọ̀nà kan pàtó ní ọjọ́ tí ewu bá dé.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́; ìmọ̀ yìí kò ní ṣègbé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, irú ike wo lèyí? Kí lẹ máa fín síbi tó wà ní ìhòòhò kí práímà tó dé?” Kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pe òun wá wò ó kí ó tó kùn ún. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi tayọ̀tayọ̀ dáhùn, nítorí pé ìgbà tí ọ̀dà kò tíì bo iṣẹ́ ni ògo rẹ̀ ń hàn. Ẹni tí ó bá sì ń yẹ ọjọ́ ìwòran yìí sílẹ̀, kí oníbàárà tètè gbé bọ́ńpà rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí owó rẹ̀ tó bá ọ̀dà ṣí dànù.